Ihò Iṣu

"Ká a sókè sí i," ni àbúrò bàbá wọn wí, bí ẹni tó ń yẹ àgùntàn Iléyá wò.

Rìdwánù ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá iṣẹ́ abẹ náà gùn láti ìbàdí dé abẹ́ ìdodo. Àwọn ẹbí tó ti Bago wá kí wọn ní Kambolé mí kanlẹ̀.

Wọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó fún un ní kíndìnrín. Ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló wà níkùn tirẹ̀, pẹ̀lú ojú abẹ kan tí kò gùn ju ìka lọ.

"Kámẹ́rà ni wọ́n tì bọ ibẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ojú abẹ kékeré yìí ni wọ́n gbà yọ ọ́. Ìyẹn ni mo ṣe tètè dìde."

Àbúrò bàbá wọn rẹ́rìn-ín. "Láti kékeré ni mo ti ń wa iṣu, ọmọ mi. Iṣu ńlá kì í gba ihò eku jáde."

Àgbà àgbẹ̀ ti sọ̀rọ̀, ta wá ni dókítà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Rìdwánù pé ó gé lára ara rẹ̀ fún àbúrò.

Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń retí kí ó là á yé wọn.

Rìdwánù rọra fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má dúpẹ́ mọ́," ó ní. "Ọmọ ìyá mi ni. Kí ni mi ò lè ṣe fún un?"

Bàbá na ọmọ odó sí obìnrin náà. "Ṣé o gbọ́? Dìde, lọ gúnyán fún olóore rẹ."