Ọ̀nà Tí Kò Yọ Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀

Lọ́dún 1998, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rin kan dá ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Wọ́n jọ ń ṣe ètò kan tí yóò máa ṣírò èsì ìdánwò fáwọn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè dà á kọ, kó tún ibi tí kò dáa ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Tíṣà Obbo, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Obbo-Ile, ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń retí ọjọ́ tí wọn yóò gbé e lọ sí Ìlọrin pẹ̀lú orúkọ òun lára rẹ̀. Kò tún sí nǹkan míì tó ń fẹ́ láyé.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń pàdé lọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran, alága wọn, torí wọ́n tètè ń ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kan, Alága tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀nà tí kò ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi kàn tàrí. Tíṣà Obbo bu omi, ó ní ẹ jọ̀ọ́, òun ń bọ̀, ó sì jáde.

“Ooru ló ń mú wọn,” Lazarus, tíṣà Òkè-Ọ̀pin, wí.

Tẹlifóònù ńkọ́? Èyí tó wà nílùú kì í dún. Í-meèlì ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kà á á wọkọ̀ lọ Ìlọrin.

“Ìkéde ọjọ́ Ìsinmi ló kù,” Alága wí. “Wọ́n á kà á ní Áńgílíkà.”

“Àwa Onítẹ̀bọmi ńkọ́?” Lazarus bi í.

“Wọ́n á kà á níbẹ̀ náà.”

“Àwa aláṣọ funfun ńkọ́?” Bọ́sẹ̀dé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti fìbínú dìde. “Àbí àwa kì í ṣe ọmọ ulé ni?”

Alága bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi Aládùúrà kún un. Wọ́n tún fi ìjọ Ajíhìnrere kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìjọ náà kankan kò sí nínú ẹgbẹ́. Inú Alága dùn débi pé omi lé sí i lójú.

“Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù ní gbogbo ùlú,” ó wí. Wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n sì tú ká kí Tíṣà Obbo tó dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n kéde pé iná ti lọ ní Ararọ̀mí, Òkè-Ọ̀pin ni ìpàdé, torí jẹnẹrétọ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ Lazarus. Tíṣà Obbo kò wá. Wọ́n tún kéde. Kò wá.

“Ṣé ká kúkú ránṣẹ́ sí wọn ní Obbo?” Bọ́sẹ̀dé béèrè.

“A ti yan ọ̀nà,” Alága wí. “Ẹni tí a kéde fún nínú gbogbo ilé Ọlọ́run, tó tún ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ìgbéraga ló ń dà á láàmú.”

Ìkéde kẹta ní bí kò bá yọjú, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀. Oníwàásù kan tilẹ̀ fi í ṣàpẹẹrẹ ọkàn líle. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n retí rẹ̀ títí ní Òkè-Ọ̀pin, Lazarus sì pa orúkọ náà rẹ́ kúrò lára ètò náà. Bọ́sẹ̀dé ní ó dun òun.

Ní àkókò kan náà, Mùhísínì, Tíṣà Obbo, ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ní Ararọ̀mí, ó sì tún dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa, ó ń bi ọlọ́dẹ tí wọ́n jọ ti mọ́ṣáláṣí dé bóyá ẹgbẹ́ ti rí ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà ránṣẹ́ síra wọn.