Ìwọ̀n Omi Aboyún

Ó di òwúrọ̀ kẹta tí ẹ̀rọ tó ń pín omi fún ìlú ti ń fi omi mímu du Fadérera. Ó tún tò sórí ìlà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ìka bọ ihò ẹ̀rọ; ẹ̀rọ tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ife kò jáde.

"Ìyàwó, ó ní omi ara yín ti tó," ni Akínlàbí, olùtọ́jú ẹ̀rọ, wí.

"Ọ̀fun mi ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, bùọ̀dá."

Ìyá bọ́ síwájú. "Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀! Ìwọ̀n omi tó tó fún àwa yòókù kì í tó fún aboyún. Omi a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òùngbẹ a sì tún máa gbẹ ẹ́. Yí ìwọ̀n rẹ̀ padà fún un."

"Òfin ní kí ẹ kéde oyún kó tó pé oṣù mẹ́ta, Ìyá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àtúnṣe mọ́ títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀."

"Ta ní í kéde oyún tí kò tíì yọ fún aráyé?"

"Ẹ̀rọ lẹ̀ bá sọ fún, kì í ṣe aráyé."

Ìyá gan-an ni ó ní kí ìyàwó fi aṣọ bo oyún náà mọ́lẹ̀. Ó ti ìka tirẹ̀ bọ ihò náà, ife kún. Ó nà án sí Fadérera, ṣùgbọ́n Akínlàbí mi orí: lójú ẹ̀rọ ni oníkálukú gbọ́dọ̀ ti mu tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ilé ni yóò pàdánù omi.

"Ẹ mu ú, Màámi," ni Fadérera wí.

Ìyá mu ú tán, ìyàwó sì ń wo ọ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń gbé e mì.