Ajáko Tó Wá Lọ́sàn-án

Ogójì náírà ni Ọdẹ́wálé ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí òun kó ọdẹ jáde lọ pa ẹranko tó ń da ilé rẹ̀ láàmú. Ìbọn, ọta, ajá, àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé wọn lọ sí igbó ẹ̀yìn Shika, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó sanwó lè bá wọn lọ, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i pé owó òun kò wọgbó.

Wahab, ará Ìlọrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, ní ogójì náírà. Ṣùgbọ́n owó náà ti níṣẹ́. Inú agolo bisikíìtì ló wà, owó ọkọ̀ òun àti Hàwáù ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìlọrin fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Hàwáù ti fojú kan ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn, ìyá náà sì ti ń ránṣẹ́ pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì.

Ajáko, tí àwọn Hausa ń pè ní dila, ló mọ ọ̀nà ilé wọn ní Dakace, níbi tí ilé ti tán tí igbó bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí àwòrán àwọn olóṣèlú kún ara ògiri ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ajáko kan rìn wọ àgbàlá wọn lọ́sàn-án gangan, kò sáré, kò sá pamọ́. Ó gé àgbò iléyá wọn jẹ ní imú, ó sì rìn jáde bí ọ̀mùtí. Hàwáù fi epo àti iyọ̀ pa ojú egbò náà, egbò sì jinná.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbò kò jẹun mọ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ há. Wahab wò ó, ó ní kùkù àgbàdo ló há a lọ́fun, òun ti rí irú ẹ̀ rí. Ọwọ́ tirẹ̀ tóbi jù. Hàwáù ló ní ọwọ́ kékeré, ọwọ́ onídìrí, òun ló sì tì í bọ ẹnu àgbò títí dé ọrùn ọwọ́. Kò bá kùkù kankan níbẹ̀. Eyín àgbò kàn ha á lọ́wọ́ díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àgbò ti kú láìjẹ́ pé ọ̀bẹ kan án lọ́rùn. Ó di òkú ẹran, èèwọ̀ ni fún wọn, wọ́n sin ín. Ó dun Wahab wọra.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé ìdajì, ajáko mìíràn tún yọ lọ́sàn-án létí ọgbà ẹran. Hàwáù ló máa ń lọ fún àwọn ewúrẹ́ lóúnjẹ lẹ́yìn sàárì, tí ilẹ̀ kò tíì là dáadáa. Bí ó bá gé e jẹ ńkọ́? Wahab sọ èyí fún un. Hàwáù rẹ́rìn-ín, ó ní ajáko wo ló máa rí ewúrẹ́ nílẹ̀ tí yóò wá máa họ egungun arúgbó.

"Ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn lọ kí ìyá mi, ọkọ mi," ó ní. "Wọn ò lè máa dúró dè mí títí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Wahab fi ń gbé agolo sílẹ̀, tó ń gbé e padà.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí, inú Hàwáù kò dùn. Ó ní ọwọ́ ń yún òun, ó ní kí àwọn oníbàárà rẹ̀ padà wá tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀. Ó ti fèrèsé pa nínú ooru, ó ní atẹ́gùn ń bá òun jà. Tí àkókò ìṣínu bá tó, á jẹ èso dábínù kan ṣoṣo, á ti ife kunu sẹ́yìn, á ní ààwẹ̀ ti sọ ọ̀fun òun di kékeré. Ó jágbe mọ́ aládùúgbò tó wá tọrọ iná, òun tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wahab mọ ohun tó ń ṣe é. Àárò ìyá rẹ̀ ni. Ojú ń tì í nígbà tó bá wo agolo náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó rí ipasẹ̀ ajáko nínú ẹrẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipasẹ̀ Hàwáù gan-an. Kò tún rò ó mọ́. Ìyá lè dúró di iléyá. Ó gbé agolo lọ bá Ọdẹ́wálé ní Tudun Wada, ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sì wọgbó.

Kò pẹ́ tí ajá fi ká ajáko náà mọ́ ìdí igi, tí ìbọn fi dún. Ọdẹ́wálé fi àpò bo orí rẹ̀ kó tó gbé e.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án lẹ́nu o," ó ní. "Digbòlugi ti wọ àárín wọn lọ́dún yìí. Inú itọ́ ni ikú wà, tirẹ̀ àti ti ẹran tó bá gé jẹ."

Eyín ẹranko náà ni Wahab ń wò. Ó ní Alhamdulillahi, ó kéré tán, eyín yẹn kò kan ìyàwó òun. Gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń to bí òun yóò ṣe sọ fún un pé ó lè máa lọ sí ọgbà láìfòyà.

Ládàáni ń pe ìrun nígbà tí Wahab wọlé, ó bu omi ìṣínu sínú ife, ó gbé e lọ bá Hàwáù nínú yàrá tó ti sé mọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi náà ṣe sún mọ́ ètè rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ dì pa, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀, ohùn tó sì jáde ni ohùn tí Wahab gbọ́ lẹ́nu àgbò lọ́jọ́ tó ní kí ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ bá òun wá kùkù àgbàdo.