Ìkúnlẹ̀ Àárọ̀

Aago méje lù. Fadérera kúnlẹ̀ níwájú ògiri pálọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, kó lè kí Màámi, ìyá ọkọ rẹ̀, ní Ìkìrun. Ojú Màámi máa ń yọ lára ògiri tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á ní, "Dìde, ìyàwó mi. Ṣé o ti jẹun?"

Lónìí, ògiri ò tàn. Ohùn inú rẹ̀ ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ò ní ẹbí kankan ní Ìkìrun."

"Màámi ni mo fẹ́ kí!"

"Ẹ kọ ọkọ yín sílẹ̀ lánàá, mà. Òfin ti dínà ìpè láàárín ẹ̀yin àti gbogbo ẹbí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ká má kà á tán."

Fadérera rántí. Ní kóòtù lánàá, ẹ̀rọ ń ka ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ òun àti Adérójú ọkọ òun. Ó ka ilé, ó ka mọ́tò. Ló bá fi ìbínú já lu ọ̀rọ̀ náà: "Mo ti gbọ́! Mo gbà!" Ó sì tẹ̀ka. Adérójú ni inú ń bí i sí. Màámi ò ṣẹ̀ ẹ́ rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mo kí wọn."

"Kò ṣeé ṣe, mà."

Ilẹ̀ tutù. Orúnkún ń ro ó, síbẹ̀ kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì dá dìde níbẹ̀ rí. Màámi ló máa ń ní kó dìde.