Màmá Aránṣọ Fẹ́ Gun Òkè

Màmá Aránṣọ ń gun àtẹ̀gùn ilé lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àpò tó wúwo lẹ́yìn, bàtà òkè tuntun lẹ́sẹ̀.

Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó, kò dúró.

Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, àwọn ẹgbẹ́ yín ń sinmi, ẹ̀yin fẹ́ lọ gun òkè nílẹ̀ òkèèrè?"

"Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí ló ń sinmi."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń di aṣọ òtútù sínú àpò mìíràn, ojú rẹ̀ le koko.

"Ṣé ọkùnrin yẹn náà lẹ tún fẹ́ kó mú yín lọ?"

"Òun nìkan ló mọ ibẹ̀."

Fóònù dún. Ọkùnrin afinimọ̀nà òkè náà ni, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ọ̀nà yẹn le fún àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí yín."

"Ṣé fọ́tò ni mo bí ni?"



Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò pariwo.

"O ní ìjì ń bọ̀, lo ṣe kó àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀. O ní ọmọ mi ọkùnrin ṣì ń mí nígbà tó o fi í sílẹ̀ lórí òkè, o sì ṣèlérí fún un pé o ń padà bọ̀."

Ó fa okùn bàtà rẹ̀ le.

"Mú mi lọ síbi tó ti ń dúró dè ọ́."