Súfèé Sájẹ́ǹtì Fọlárìn

Láràárọ̀ ni sínglẹ́ẹ̀tì tó ń sọ̀rọ̀, tí ilé ìwòsàn fi ń ṣọ́ èémí Sájẹ́ǹtì Fọlárìn, máa ń jí i. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ mí sínú, kí ẹ wá rọra mí síta títí màá fi ka ogún."

Òfin ni, fún gbogbo sójà tó fa èéfín ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun ní bùdó ogun. Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn ìdánwò fún ẹ̀dọ̀fóró tuntun tí wọ́n gbìn fún un. Bí kò bá pé ogún, wọ́n á tún là á láyà. Lánàá, ikọ́ dá a dúró ní méjìdínlógún.

Mímí lásán ti sú u. Ó ká ètè jọ, ó fi súfèé pe ìyàwó rẹ̀ léraléra nínú èémí kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń pè é nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. Àjọkẹ́! Àjọkẹ́!

Ẹ̀wà tí Àjọkẹ́, tó ti di ìyá arúgbó, ń ṣà lẹ́yìnkùlé dà nù. Ọgbọ̀n ọdún rèé tó ti gbọ́ súfèé yẹn kẹ́yìn! Ó sáré wọlé.

"Ogún ti pé, Bàbá," ni sínglẹ́ẹ̀tì wí. "Ẹ lè sinmi."

"Dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn!" Àjọkẹ́ kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Àjọkẹ́ nìkan kọ́ lẹ máa ń pè nígbà yẹn. Oríkì orílẹ̀ mi dà?"

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Ó mí kún àyà, ó tún ká ètè jọ.