Ẹgbẹ́ Kẹta Eloísa

Iwájú dígí ni Eloísa ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni wọ́n ń fẹnu kò ní Montevideo, olú ìlú Uruguay, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹni tó bá sì dé bá àwùjọ gbọ́dọ̀ kí wọn yí ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ń fẹnu ko dígí! Ìyá rẹ̀ yọjú.

"Dígí ti kí ọ padà. Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹgbẹ́ kẹta rèé o. Bí àwọn wọ̀nyí náà bá ní àwọn ò fẹ́ ọ, ta ló tún máa gbà ọ́?"

Láti kékeré ni Eloísa ò ti lọ́rẹ̀ẹ́. Ó ti ka gbogbo ìwé tí wọ́n kọ lórí ìbárẹ́, bí ẹni tó ka ìwé ìlúwẹ̀ẹ́ tán tí kò fẹsẹ̀ kan omi rí. Ọdún márùn-ún sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tísímù, ipò ọpọlọ tó lè mú kí ìbánikẹ́gbẹ́ ṣòro, nínú ilé wọn. Ó kó àwọn káàdì tí wọ́n ya ojú ìdùnnú àti ojú ìbínú sí dání, ó jáde.

Ọ̀dọ́ márùn-ún ló bá lórí ògiri etí omi. Kálukú mú ife tíì mate tirẹ̀ dání, nílùú tí ife kan ṣoṣo ti ń yí gbogbo ẹnu ká. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Eloísa sáré na ẹnu sí Wilmar, tó wà nítòsí jù. Wilmar yẹra.

"Kò sí ìfẹnukonu níbí. Juwọ́, ó tó."

Ó juwọ́. Káàdì kan bọ́, atẹ́gùn gbé e sómi.

"Èwo ló lọ yẹn?" Yamila, ọ̀kan nínú wọn, bi í.

"Ìdùnnú."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà kó tó mọ̀.

"Ṣé o fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?" Wilmar bi í.

"Mi ò mọ èyí tí mo lè sọ."

"Jókòó, má sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó máa gé ọ jẹ."

Ó jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Ó dìde.

"Ṣé mo lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. "A máa rò ó," Yamila ní.

Lọ́jọ́ Ajé, Wilmar pe ọ̀gá àjọ àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ̀tísímù lórí fóònù: "Ìyáàfin Irma, olùkọ́ tuntun tí ẹ rán sí wa, pé kó wá kọ́ wa bí a ṣe ń bá èèyàn ṣọ̀rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lé e; a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ."